Ta ni ọ́, kí lò ń ṣe, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Bí a ṣe ń ka ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mò ń tẹ ìwé, tí mo sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di pírọ́jẹ́ẹ̀tì wọn ní Àgbowó, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Bí àsìkò iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó fẹ́ jáde bá ti wọlé, kò sí ohun tí ẹ̀rọ mi ń tẹ̀ jáde tó ìwé ìbéèrè, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní questionnaire. Ọ̀kan á ní kí n bá òun ṣe igba ẹ̀dà, òmíràn á ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo ti ka wọn títí mo fi mọ ojú wọn. Apá kìíní á béèrè ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìlú tí ènìyàn ti wá, iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá ń ṣe. Apá kejì á béèrè wákàtí tó fi ń kàwé, bóyá ó ń lọ sí láíbìrì, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́. Apá kẹta á wá bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà ló jẹ́ kí n pinnu láti kọ àlàyé yìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti yege nínú ìdánwò JAMB, wọn kò sì tíì mọ ibi tí yóò gbà lọ. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní wọ́n bi àwọn ọmọ ilé-ìwé kan léèrè, ọ̀pọ̀ wọn ló ní inú àwọn dùn síbẹ̀. Àwọn ti ibòmíràn ń ṣàròyé ṣáá. Ṣé kì í ṣe ibi tí inú wọn ti dùn ni kí n mú ọmọ mi lọ?"

Mo ní kó fi ara balẹ̀. Ìdáhùn àwọn ọmọ yẹn lè jẹ́ òótọ́ látòkè délẹ̀, síbẹ̀ kó má dáhùn ohun tó ń wá. Ibi tí ènìyàn ti wá, ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí sí ibi tó wà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá lù wọ́n pọ̀ á pe ọmọ tí kò lówó ní ọ̀lẹ, á sì pe ilé-ìwé tó rí ọmọ tó mọ̀wé gbà ní ilé-ìwé tó mọ ẹ̀kọ́ kọ́.

Ìgbà kan wà tí kò sẹ́ni tó nílò ìwé ìbéèrè kó tó mọ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n kó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ Yábàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n wà, kí wọ́n tó ṣí wá síbi tí wọ́n wà lónìí. Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, ẹni tí họ́ọ̀lù Mellanby ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lè mọ gbogbo wọn lórúkọ bó bá wù ú. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Wọ́n wà ní họ́ọ̀lù Kútì, wọ́n wà ní Bello, wọ́n wà ní Idia, àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà sì tú sí Àgbowó, Òrógùn àti Ṣáṣá. Pólì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, ní tiwọn tó kún Ṣàngó àti Apẹ̀tẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ó di dandan kó béèrè. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le ni bí a ṣe ń béèrè, àti bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n bá sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú máa ń bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí apá kìíní ìwé yẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ní ṣọ́ọ̀bù, "Kí ló kàn wọ́n nínú iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe?" Ó kàn wọ́n. Ká ní télọ̀ méjì wà ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n gbé òfì Ìṣẹ́yìn fún ọ̀kan, wọ́n gbé àǹkárá olówó pọ́ọ́kú fún èkejì. Ọjọ́ òde pé, gbogbo ènìyàn ń yin ẹni tó rán òfì. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn, àbí aṣọ tí wọ́n gbé fún un? A kò lè mọ̀, àfi bí a bá mọ ohun tí wọ́n gbé wá bá oníkálukú kó tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tó ń gba kìkì àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, tí òbí wọn ti ń sanwó lẹ́sìnnì láti kékeré, bí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jáde pẹ̀lú èsì tó dára, kò tíì hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣe é. Èyí tó gba ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí ó fi dé ibi ìdánwò JAMB, tó sì tọ́ ọ títí ó fi di ẹnjiníà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló ṣiṣẹ́ jù, bí èsì àwọn ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ tàn tó ti àkọ́kọ́.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Alexander Astin, ó là á yéni dáadáa. Ní 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dọọdún kan lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun káàkiri Amẹ́ríkà léèrè ohun tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé: ìwé tí òbí wọn kà, máàkì wọn, ibi tí owó ilé-ìwé ti ń wá, ohun tí wọ́n gbàgbọ́, ohun tí wọ́n ń retí. Nígbà tó yá, Yunifásítì California tó wà ní Los Angeles di ilé fún ìwádìí náà. Astin ní kí á tó dájọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọmọ gbé wá, ohun tó bá níbẹ̀, àti ohun tó gbé jáde. Ẹni tó bá wo èyí tó kẹ́yìn nìkan, òfì ló ń wò, kò tíì rí télọ̀.

Ṣùgbọ́n a kò lè mú ìbéèrè wọn kó wá sí Ìbàdàn bó ṣe rí. Ìwé ìbéèrè tí àwọn ọmọ ń gbé wá máa ń béèrè owó tí òbí ń gbà lóṣù. Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́, nítorí ọjà kì í tà bákan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, ohun tó bá sì wọlé lónìí, ara rẹ̀ ni wọ́n á ti san àjọ, tí wọ́n á ti ra gaàrí. Ọmọ á kàn fi àmì sí ibi tó bá wù ú. Ohun tó dára jù ni kí a béèrè ohun tí ọmọ lè mọ̀: ta ló ń san owó ilé-ìwé rẹ? Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń sun yàrá kan nílé? Ṣé ẹnì kan ti dé yunifásítì rí nínú ilé yín kó tó kàn ọ́?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, torí mo mọ àwọn ọmọ tí ó ń bá wí. Wọ́n máa ń wá sọ́dọ̀ mi bí ẹni pé fọ́tòkọ́pì ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á dúró pẹ́, wọ́n á wá rọra béèrè, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pè ní GP?" (Máàkì tí wọ́n fi ń wọn gbogbo iṣẹ́ ọmọ pọ̀ ni.) Tàbí kí wọ́n béèrè bóyá ẹni tó ní carry over, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi tí yóò tún ṣe, yóò padà sí ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jáde ní yunifásítì ti gbọ́ gbogbo èyí nídìí oúnjẹ alẹ́. Ọmọ yìí kò ní ẹni tó máa sọ fún un pé ó lè kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lẹ́kọ́rà kó sì béèrè ọ̀rọ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan, ẹ má tíì sọ pé kò ní ọpọlọ.

Owó tún ń ba ìdáhùn jẹ́ lọ́nà mìíràn. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2023 sọ pé kìkì ẹni tí owó tó ń wọlé fún ilé wọn kò tó ₦500,000 lọ́dún ló lè yá a. Nígbà tí wọ́n gbé òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n mú gbèdéke yẹn kúrò. NELFUND, tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Mo dárúkọ èyí nítorí pé bí owó bá wà lẹ́yìn ìdáhùn, ìdáhùn á máa tẹ̀ sí apá ibi tí owó wà. Ọmọ tó bá rò pé ìwé ìbéèrè rẹ ni wọ́n máa fi yan ẹni tó máa rí ìrànwọ́ gbà yóò sọ bàbá rẹ̀ di tálákà lórí ìwé. Ẹ kọ ọ́ sókè ìwé gbàǹgbà, ohun tí ẹ fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe.

Ní ti ìṣe ojoojúmọ́, ẹ bi ọmọ kan léèrè pé wákàtí mélòó ló fi ń kàwé lójúmọ́. Ó lè sọ pé mẹ́fà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìgbà TDB, tí wọ́n ń gbé ìwé àti ìgò omi lọ sí kíláàsì ní alẹ́, tí wọ́n á wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́, nígbà tí ìwé wà lábẹ́ ìrọ̀rí tí fóònù wà lọ́wọ́. Èmi mọ ọ̀sẹ̀ kẹta náà, torí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà mi wà níwájú mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ń wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kò ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Bí ó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jókòó ìdánwò, mo ní láti gba ẹnì kan kún iṣẹ́. Ìwé ọjà yẹn kò mọ ọmọ kankan lórúkọ, ṣùgbọ́n ó mọ bí gbogbo wọn ṣe ń kàwé ju bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti rí ìṣòro náà tipẹ́. Ní Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní NSSE, tó kọ́kọ́ kárí orílẹ̀-èdè náà ní 2000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ àti àwọn tó fẹ́ jáde ni wọ́n ń bi. Wọn kì í bi wọ́n pé "Ṣé o máa ń kàwé dáadáa?" Wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi ọkàn sí ọjọ́ méje tó rí bí ọ̀sẹ̀ wọn ṣe máa ń rí, kí wọ́n sì yan iye wákàtí: òdo, 1 sí 5, 6 sí 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó ju 30 lọ. Wọ́n ń béèrè wákàtí tí wọ́n fi ń múra kíláàsì sílẹ̀, wákàtí iṣẹ́ olówó, wákàtí ojú ọ̀nà, àti iye ìgbà tí wọ́n bá lẹ́kọ́rà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ohun tí ọmọ ṣe ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ohun tó rò nípa ara rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí òdo tí wọ́n fi ṣáájú. Bí òdo kò bá sí nínú ohun tí ọmọ lè yàn, ẹni tí kò kàwé rárá á pọn dandan fún láti parọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fi béèrè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ ń lò. Ọmọkùnrin kan wà tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Pólì ló wà, Apẹ̀tẹ̀ ló ń gbé, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń dúró ti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì láti ọ̀sán títí di alẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè wá, ó ní kó bá òun kún un. Ó débi "Ṣé o ń ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ?" ó fi àmì sí "Rárá". Ojú ẹ̀rọ mi ló ti fi àmì náà sí i. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mà, èyí kọ́ ni iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ni kí èèyàn ní ọ́fíìsì." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń gbé ìwé wá pé kí wọ́n béèrè báyìí: ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí lo ṣe tí o fi rí owó, wákàtí mélòó ló sì gbà?

Bákan náà ni láíbìrì. Ọmọ lè má tún wọ láíbìrì Kenneth Dike mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n fi hàn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì máa kàwé, torí PDF ni gbogbo ìwé rẹ̀, inú fóònù ló wà. Ìbéèrè tó yẹ kó wà ní Ìbàdàn, tí n kì í sì rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn, ni iye wákàtí tí wọ́n fi ń wá ibi tí iná wà, iye tí wọ́n fi ń pọn omi, iye tí wọ́n fi ń dúró de mọ́tò ní Ṣàngó. Ẹni tó ń ti Apẹ̀tẹ̀ bọ̀ àti ẹni tó sùn ní họ́ọ̀lù, ọjọ́ wọn kò gùn bákan náà.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe kan máa ń wọlé. Wọ́n á ní àwọn tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń yege ju àwọn tó ń gbé ìta lọ, nítorí náà họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ́ kí wọ́n yege. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé máa ń fi bẹ́ẹ̀dì ṣáájú fún àwọn ọmọ tuntun àti àwọn tó fẹ́ jáde, àwọn tó wà láàárín ló sì máa ń bá ara wọn níta. Bó bá jẹ́ pé ọdún kejì ni kọ́ọ̀sì ti le jù, ìgbà náà gan-an ni wọ́n wà níta. Ohun méjì tó ń rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló ń fa èkejì.

Mo ti wá dé orí ìtẹ́lọ́rùn, ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn: SA, A, D, SD. Mo gbà gan-an, mo gbà, mi ò gbà, mi ò gbà rárá. Rensis Likert, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ ní 1932, a sì ń lò ó títí dòní torí ó rọrùn láti kún, ó sì rọrùn láti kà. Ìrọ̀rùn yẹn kò jẹ́ ká rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ká mú ọmọbìnrin méjì tó jọ ń gbé yàrá kan. Ọ̀kan ti abúlé kan lẹ́yìn Ìgbòòrà wá, níbi tí òpó iná ti wà láìsí wáyà. Èkejì ti inú ẹ̀sítéètì ní Bódìjà wá, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń gbà á kí iná tó parí lílọ. Iná wákàtí márùn-ún tí wọ́n ń rí ní yàrá wọn kan náà, ọ̀kan kọ SA sí i, èkejì kọ SD. Iná kan náà ni, yàrá kan náà ni. Ohun tí ìdáhùn wọn wọ̀n ni àlàfo tó wà láàárín ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n ń retí, ilé tí wọ́n ti wá ló sì kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń retí. Nítorí náà, ẹni tó bá ka apá kẹta láìka apá kìíní, kò tíì ka nǹkan kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣàròyé lè jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó dára.

Ìtẹ́lọ́rùn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìmọ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí kíláàsì físíìsì. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà méjì. Àwọn kan jókòó, wọ́n gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ aládùn lẹ́nu olùkọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn yòókù, wọ́n fún wọn ní ìṣòro kan náà, wọ́n ní kí wọ́n jọ bá a jìjàkadì kí olùkọ́ tó là á fún wọn. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, àwọn tó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ ló rò pé àwọn mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó jìjàkadì ló gba máàkì jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ara tó rọni kì í ṣe àmì pé nǹkan wọlé. Lẹ́kọ́rà tó ń fún ọmọ ní iṣẹ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó ń dá a padà pẹ̀lú bírò pupa, lè gba D lọ́dún yìí, kí àwọn ọmọ kan náà máa dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ní Ìlú Ọba, láti 2005 ni wọ́n ti ń bi àwọn tó fẹ́ jáde ní yunifásítì léèrè lọ́dọọdún, wọ́n sì ń tẹ èsì rẹ̀ jáde kí àwọn tó fẹ́ wọlé lè rí i. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: lápapọ̀, ṣé ẹ̀kọ́ rẹ tẹ́ ọ lọ́rùn? Ní 2023, wọ́n dẹ́kun bíbi àwọn ti England ní ìbéèrè yẹn, wọ́n sì ń béèrè nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ohun tó tọ́ ni, torí ìbéèrè kan ṣoṣo kò lè ru ẹrù ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ìgbà tí a béèrè náà ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ ni Àgbowó fi dákẹ́. Ká ní ẹnì kan gbé ìwé ìbéèrè dé lọ́sẹ̀ tí wọ́n wọlé padà. Ọmọ kan á kọ SD nítorí ọdún rẹ̀ tó ṣòfò. Òmíràn á kọ SA nítorí inú rẹ̀ dùn pé òun kò sí nílé mọ́. Ìyanṣẹ́lódì ni àwọn méjèèjì ń dáhùn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì.

Mi ò sọ pé ká pa ìbéèrè ìtẹ́lọ́rùn tì o. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá lẹ́kọ́rà wá? Ta ló mọ̀ bóyá omi ń yọ ní ilé ìwẹ̀, bóyá èsì sáà tó kọjá ti jáde, bóyá wọ́n dá ìwé ìdánwò padà kí ọmọ rí àṣìṣe rẹ̀, bóyá wọ́n bú u níwájú kíláàsì? Ẹ bi wọ́n ní èyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má so méjì pọ̀ mọ́ra, bíi "Lẹ́kọ́rà mi mọ iṣẹ́, ó sì ń wá déédéé", torí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kì í wá, kí ni ọmọ fẹ́ kọ sí i? Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ lẹ́kọ́rà náà ni yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kò gbọ́dọ̀ já àgbà lójú, kò ní kọ SD kó gbé e lé àgbà náà lọ́wọ́. Á kọ A, á dọ̀bálẹ̀, á sì jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí ìwé náà dé ọwọ́ wọn. Nínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo ti dì, ó ṣọ̀wọ́n kí n má rí orúkọ Taro Yamane ní orí kẹta. Ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ iye ènìyàn tó yẹ kí wọ́n bi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 10,000, tí a sì fàyè gba àṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, yóò bọ́ sí 385. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ á kó 385 náà lọ sí họ́ọ̀lù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé, á pín in tán níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìṣirò yẹn gbà pé olúkúlùkù nínú 10,000 ló ní àǹfààní dọ́gbadọ́gba kí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò ní láti rò ó dé ìsàlẹ̀ ìkòkò ná. Ẹni tó bá bu orí rẹ̀ nìkan, epo ló tọ́ wò. Mo tún ti rí àwọn tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kún gbogbo rẹ̀, torí súpáfáísọ̀ ní kí wọ́n mú un wá lọ́la. N kì í gbà á mọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ogójì ìwé tí ènìyàn kún sàn ju irínwó tí wọ́n dá kún lọ, kí wọ́n lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí ìwé kò lè dé ọwọ́ wọn láéláé. Bí a bá bi àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn tó dúró la bi. Oníbàárà mi kan wà, ọmọ kékeré kan tó máa ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ó wá ní ọdún àkọ́kọ́, ó wá ní ọdún kejì, a kò sì rí i mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bàbá rẹ̀ kú. Kò sí nínú ìdáhùn ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo èsì tí mo ti tẹ̀, ọmọ yẹn kò ní SA, kò ní SD.

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ níwọ̀n tí ọjà rẹ̀ jẹ́ kó lè gbọ́. Mo wá ní kí ọmọ rẹ̀ ra ìwé kékeré kan, kó lọ sí ẹ̀ka tó ń rò ní ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, kó wá àwọn ọmọ ọdún kẹta rí, kó má bi wọ́n bóyá inú wọn dùn. Kó ní kí wọ́n ròyìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá fún òun, láti ìgbà tí wọ́n jí títí wọ́n fi sùn. Kó bi wọ́n ìgbà tí èsì sáà tó kọjá jáde. Kó sì bi wọ́n níbo ni àwọn tí wọ́n jọ wọlé wà.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ kún. Ìyá kò lè kà á, ó ní kí n bá òun kà á sókè. Mo kà á láti ojú ewé kìíní, nípa ọmọ tó jí ní aago márùn-ún láti pọn omi, nípa lẹ́kọ́rà kan tó ń dúró lẹ́yìn kíláàsì títí ìbéèrè á fi tán. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ló dáhùn ìbéèrè kẹta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ kọ sílẹ̀: "A pọ̀ ju báyìí lọ nígbà tí a wọlé. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè wọn."